Nígbà Tí Rẹ́kọ́ọ̀dù Bá Ń Fà: Ohun Tí Mo Rí Nínú Ṣénjà Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé àwọn ìdílé ní Peckham, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn wa.

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, mo mọ ohun tí ẹ̀yin ń retí. Ẹ rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni tàbí ìtọ̀ ṣúgà, nítorí pé òun ni mo sọ lọ́dún tó kọjá, àwọn kan kò sì tíì dárí jì mí títí di òní nítorí iyọ̀ tí mo ní kí wọ́n dín kù. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣénjà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣénjà tí a fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ sọ ohun tó máa ń mú kí ó fà tàbí kí ó sáré, àti bí ènìyàn ṣe lè mọ ibi tí àìsàn rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ń bi ara yín pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: Hárúnà Ìṣọ̀lá ni tiwọn, kò sí olórin mìíràn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n di rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́kàndínlógún sínú báàgì, wọ́n fi ìró wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní wé ọmọ tuntun. Mo bá wọn jà nítorí pé ẹrù náà wúwo. Wọ́n ní bí àyè kò bá tó, kí n yọ bàtà àwọn kúrò. Bàbá mi ló ra àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ọ̀pọ̀ jù lọ ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó ṣì jẹ́ owó.

Fún ìgbà pípẹ́ a kò ní ohun tí a ó fi gbọ́ wọn. Wọ́n kàn wà lábẹ́ ibùsùn Màmá ni. Ní ọdún kẹta tí wọ́n dé, ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jà. Iná gáàsì tí wọn kò pa, orúkọ àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń pààrọ̀ mọ́ ti àwọn àbúrò wọn tó ti kú. A mú wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ irú rẹ̀ wò. Wọ́n ní kí a máa kọ ohunkóhun tí a bá rí sínú ìwé kékeré kan, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí a mú un wá nígbà tí a bá tún ń bọ̀. Iṣẹ́ mi ni ìwé kíkọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo kọ ọ́ dáadáa.

Ní àkókò yẹn gan-an ni àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Houston ń kó lọ sí ilé tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ó sì fi ṣénjà rẹ̀ àtijọ́ ránṣẹ́ sí wa nítorí rẹ́kọ́ọ̀dù Màmá. Ẹ̀rọ tó dára ni. A mọ̀ pé iná Amẹ́ríkà kò lágbára tó ti ibí, nítorí náà ọkọ mi ra tiransfọ́mà tó ń sọ 230 di 120. Inú wa dùn, a rò pé a gbọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan a gbé Hárúnà sí i. Màmá jókòó sórí àga wọn, wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n wò mí.

Wọ́n ní, “Ta nìyí?”

Mo ní, “Hárúnà ni, Màmá.”

“Rárá o. Kì í ṣe Hárúnà. Ara ẹni yìí kò yá.”

Mo fi páálí rẹ́kọ́ọ̀dù hàn wọ́n, mo ka orúkọ rẹ̀ sókè. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ kan báyìí bá wọn sọ̀rọ̀, ohùn tí a fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú mi mọ ohùn náà. Wọ́n ní kí n pa á. A tún gbìyànjú lọ́sẹ̀ kejì, àti lọ́sẹ̀ kẹta, rẹ́kọ́ọ̀dù mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà: kì í ṣe òun, ara ẹni tó ń kọrin yìí kò yá. Mo mú ìwé kékeré náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀: Kò dá ohùn olórin tí ó fẹ́ràn jù lọ mọ̀ mọ́. Mo kọ déètì sí i. Mo wọ yàrá ìwẹ̀ lọ, mo sì sunkún.

Ẹ ó bi mí pé ṣé èmi alára kò gbọ́ ọ ni. Mi ò gbọ́ ọ. Ọdún 1983 ni Hárúnà kú, ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí tó ń gba ojú fèrèsé kọjá nígbà tí mo wà lọ́mọdé lọ. Àpàlà kì í ṣe orin tó ń sáré, nítorí náà nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan tó wúwo, tó ń rìn bí àgbàlagbà tó ń gun òkè, mo rò pé bó ṣe máa ń kọrin nìyẹn.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni ó wá orin náà rí lórí fóònù. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣénjà, ó ní, “Mummy, méjèèjì kò bára mu.” Orin tó lo ìṣẹ́jú 15 lórí fóònù, ìṣẹ́jú 18 ni ó lò lórí ṣénjà wa. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ti fóònù ga, ó mú, ó ń tàn. Mo dúró sáàárín pálọ̀, ara mi sì tutù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sùn sí ilé ìwòsàn rí mọ aago kékeré tí nọ́ọ̀sì máa ń fi há àyà, tó dorí kodò. Òun la fi ń ka ìlùkìkì ọkàn. Mo lọ mú tèmi. Mo gé bébà pélébé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí pẹpẹ tí rẹ́kọ́ọ̀dù ń jókòó lé. Mo gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sórí rẹ̀, mo gbé abẹ́rẹ́ lé rẹ́kọ́ọ̀dù, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà máa ń fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò sì dára kí a yẹ aláìsàn wò nígbà tó bá sinmi nìkan. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí bébà náà gba iwájú mi kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iye tó yẹ kó jẹ́, kí ẹ lè ṣe é nílé. LP ni a ń pè ní 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ yípo láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Láti ọdún 1948 tí ilé-iṣẹ́ Columbia ti gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ni ó ti wà bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn a máa da ènìyàn láàmú, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́ta ni kí ẹ fi kà á. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 géérégé. Rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré, èyí tó dé ní 1949, 45 ni láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orí 33 ni ẹ fi bọ́tìnnì rẹ̀ sí. Mo mọ ẹnì kan tó gbé ṣénjà rẹ̀ lọ fún àtúnṣe, orí 45 ló wà.

Mo ka tiwa. 83. Mo tún un kà, 83. Ọkọ mi kà á, ó ní 84, ṣùgbọ́n ọkọ mi máa ń kánjú.

Níbí yìí ni mo ti ṣe ohun tí mo máa ń bá àwọn dókítà kékeré wí lé lórí: mo lo oògùn kí n tó mọ àrùn. Mo ti gbọ́ pé bẹ́líìtì ni ó máa ń bàjẹ́ nínú ṣénjà, ìyẹn okùn rọ́bà pẹlẹbẹ tí mọ́tò fi ń yí pẹpẹ. Mọ́tò tí mo ń wí kì í ṣe ọkọ̀ o, ẹ̀rọ iná kékeré tó wà nínú rẹ̀ ni. Mo ra bẹ́líìtì tuntun, mo fi sí i, mo kà á. 83.

Ohun tó yẹ kó ta mí lólobó ni pé iye náà kò yẹ̀ rárá. Rọ́bà tó ti rẹ̀ máa ń yọ̀ ni: yóò jẹ́ 96 lónìí, 91 lọ́la, yóò dára nígbà tí yàrá bá móoru, yóò burú nígbà òtútù. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ yàtọ̀ sí ibà tó dúró sójú kan, àrùn méjèèjì kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Mo mọ èyí nípa ènìyàn láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. N kò mọ̀ pé ó kan ẹ̀rọ.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ yìí ló wá wò ó. Wọ́n ṣiṣẹ́ iná ní NEPA kí wọ́n tó wá sí ìlú yìí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. Wọn kò fẹ́ kí n dárúkọ àwọn. Bàbá kò mú sukurudiráfà kankan wá. Wọ́n ní kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí a gbé pẹpẹ rẹ̀ kúrò, wọ́n wá yí ṣénjà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wọ ìgò ojú wọn, wọ́n ka ohun tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀: 120V, 60Hz. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ará Amẹ́ríkà ni aláìsàn rẹ yìí. Ìlù ibí kọ́ ni ó ń jó.”

Bí Bàbá ṣe là á yé mi nìyí. Iná tó ń wọ ilé wa kì í ṣàn lọ tààrà bí omi odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọwọ́ ẹni tó ń fi ayùn gé igi. Ní ìlú yìí, lílọ-bíbọ̀ náà máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Nàìjíríà, ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò àti ní Gánà. Ní Amẹ́ríkà, 60 ni. Mọ́tò irú ṣénjà yìí sì ń tẹ̀lé lílọ-bíbọ̀ iná bí oníjó ṣe ń tẹ̀lé onílù. Ẹ lu 60 fún un, yóò jó 60. Ẹ lu 50, yóò jó 50. Tiransfọ́mà tí a fi owó rà, agbára iná ni ó ń dín kù, láti 230 sí 120, kí ẹ̀rọ má baà jóná. Kò fọwọ́ kan ìlù rárá. Bí ẹ bá wá pín 100 sí ọ̀nà mẹ́fà, tí ẹ mú márùn-ún níbẹ̀, 83 àti díẹ̀ ni yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni 83 mi ti wá. Ohùn Hárúnà sì ti lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá sún ọwọ́ sísàlẹ̀ ju bọ́tìnnì mẹ́ta lọ lórí dùùrù, tí a bá ka funfun àti dúdú pọ̀.

Ẹ gbà mí láyè kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa tí a ní ará ní Houston, ní Maryland, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí àti ní ilé. Ẹrù ń lọ, ẹrù ń bọ̀ láàárín wa. Ṣénjà tó bá ti Amẹ́ríkà wá yóò fà níbí, yóò sì fà ní Ìbàdàn. Èyí tó bá ti ibí lọ sí Amẹ́ríkà, 120 ni yóò yí níbi tó yẹ kó yí 100, ohùn bàbá yóò wá di ohùn ọmọdé. Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń bá fínra. Ní ilẹ̀ Japan, apá Tokyo ń lo 50, apá Osaka ń lo 60, nítorí pé ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Tokyo ra ẹ̀rọ iná lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, Osaka sì ra tiwọn lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọn kò tíì bá ara wọn mu títí di òní.

Bàbá tún rán mi létí ohun tí mo ti gbàgbé. Nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá ń lo jẹnẹrétọ̀, tí fíríìjì bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, olórin á yán bí ẹni tí oorun ń kùn, lẹ́yìn náà á wá tún sáré bá orin rẹ̀. A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ohun kan náà ni: nígbà tí ẹrù wúwo fún jẹnẹrétọ̀, ìlù rẹ̀ falẹ̀, mọ́tò náà sì falẹ̀ tẹ̀lé e.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, àfi pé ó gba sùúrù. Lórí irin mọ́tò ni orí kékeré kan wà, tó ní àtẹ̀gùn méjì, ọ̀kan fún 33, ọ̀kan fún 45. Orí yìí ni bẹ́líìtì rọ̀ mọ́. Bí ó bá ṣe tóbi tó ni pẹpẹ yóò ṣe yára tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe ṣénjà láyé àtijọ́ ló ń ṣe oríṣi méjì, ọ̀kan fún ilẹ̀ 50, ọ̀kan fún ilẹ̀ 60. Ti 50 fi ìdá kan nínú márùn-ún tóbi ju èkejì lọ. Ó gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí a tó rí èyí tó bá tiwa mu. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ ka abẹ́ ẹ̀rọ yín. Bí a bá kọ 50/60Hz sí i, ó lè jẹ́ pé mọ́tò rẹ̀ kò tẹ̀lé ìlù iná rárá, pé ó ní ohun tó ń darí ara rẹ̀. Irú ìyẹn sábà máa ń ní ojú ihò kékeré kan fún sukurudiráfà tín-ín-rín. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ tí ẹ bá ń kà. Technics SL-1200MK2 tí àwọn DJ fẹ́ràn, èyí tó jáde ní 1979, kírísítálì ló ń ṣọ́ eré tirẹ̀. Kì í bìkítà fún ìlù iná ibikíbi.

Nígbà tí a fi orí tuntun náà sí i, mo kà á: 98. Inú ọkọ mi dùn, ó ní ó ti tó. Mo ní kò tíì tó. Mo gbé pẹpẹ kúrò, mo yọ ọ̀pá àárín tó ń yí nínú ihò rẹ̀. Òróró tó wà nínú ihò náà ti gan bí ọ̀dá. Mo fi òwú àti sípíríìtì nù ún títí òwú fi jáde ní funfun, mo kán òróró ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì péré sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òróró ẹ̀pà, kì í ṣe fásílìnì. Kí òróró náà má sì kan rọ́bà, nítorí pé rọ́bà tó bá mu òróró kò ní dì mọ́ nǹkan kan mọ́. Mo kà á: 100.

Ẹ̀yin tí ẹ ní rédíògírámù ńlá ayé àtijọ́, èyí tó dà bí kọ́bọ́ọ̀dù, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Garrard tí wọ́n ń ṣe ní Swindon tàbí BSR ni ó sábà máa ń wà nínú wọn, kò sì ní bẹ́líìtì. Kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan ló wà láàárín mọ́tò àti pẹpẹ. Nígbà tí a bá fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, rọ́bà náà á le, á máa dán, á sì máa yọ̀. Ẹ fi sípíríìtì nù ún. Bí ojú kan lára rẹ̀ bá ti tẹ̀ wọnú, nítorí pé wọ́n pa á láìdá bọ́tìnnì rẹ̀ padà, ẹ ó máa gbọ́ gbì, gbì, gbì, nínú orin. Ìyẹn kò gbóògùn, ẹ pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ sínú rédíògírámù nígbà tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bá wà lára ògiri. Mo ti rí ọwọ́ tí iná mú. Kò dára lójú.

Àwọn kan ń ta páálí onílà tí a ń gbé sórí pẹpẹ, tí a ó sì wò lábẹ́ iná: bí eré rẹ̀ bá tọ́, ilà á dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ti ilẹ̀ 50, ilà 180 ni ó ní fún LP. Ti Amẹ́ríkà, 216. Bí ẹ bá lo ti ibòmíràn, irọ́ ni yóò pa fún yín. Bẹ́ẹ̀ ni gílóòbù LED òde òní kì í sábà ṣẹ́jú bó ṣe yẹ, gílóòbù àtijọ́ ni ó dára fún un. Èmi gba bébà àti aago gbọ́ ju ìyẹn lọ.

Ẹnì kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo ń wọlé pé ṣé fífà yìí kì í sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá di nǹkan mìíràn, níwọ̀n bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti yàtọ̀ síra. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, mo sì ti rò ó. Bí fífà náà bá dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, dò, re àti mí á jọ sọ̀ kalẹ̀ ni, ìwọ̀n tó wà láàárín wọn kò yí padà. Ọkọ́ á ṣì jẹ́ ọkọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi gbọ́ ọ̀rọ̀ Hárúnà yékéyéké tí a kò sì fura sí nǹkan kan. Èyí tó burú ni kí ó máa fà kí ó sì máa já nínú ìyípo kan náà, bíi ti kẹ̀kẹ́ rọ́bà tó tẹ̀, tàbí rẹ́kọ́ọ̀dù tí ihò àárín rẹ̀ kò sí láàárín. Ìyẹn ni ohùn ìlù á fi máa yọ̀ bí ẹni tó tẹ ilá mọ́lẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ìlù ń wí á sì sọ ọ̀rọ̀ náà nù. Ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ kò yí padà létí Màmá. Olórin fúnra rẹ̀ ni ó yí padà. Wọ́n ti gbọ́ ohùn yẹn fún ọdún púpọ̀, ní ilé, ní òde ìnáwó, nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú gbogbo wa tó wà nínú pálọ̀ yẹn, àwọn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí a parí àtúnṣe náà, a kò sọ fún wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú ọpọ́n. Ọkọ mi gbé rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ yẹn sí i. Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. Wọn kò wò mí, ṣénjà ni wọ́n ń wò.

Wọ́n ní, “Ẹ̀n-ẹ́n. Ara rẹ̀ ti yá.”

Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é, wọn kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè títí ojú kìíní rẹ́kọ́ọ̀dù náà fi parí. Wọ́n pè mí, wọ́n sọ fún mi òde tí bàbá mi ti ná owó fún Hárúnà, aṣọ tí àwọn wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó wa ọkọ̀ gbé wọn lọ. N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí.

N kò ní purọ́ fún yín pé ìgbàgbé náà lọ. Ó ṣì wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bi mí bóyá bàbá mi ti jẹun. Ṣùgbọ́n mo mú ìwé kékeré náà. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í pa ohun tí a bá ti kọ rẹ́, a kì í sì í ya ojú ìwé dànù. Ilà kan ṣoṣo ni a máa ń fà sí i láàárín, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, a ó kọ déètì, a ó sì fọwọ́ sí i. Mo fa ilà náà. Mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Ẹ̀rọ ló ń fà. Màmá tọ̀nà. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo ka méjèèjì sí i létí. Ó bi Màmá pé ta ni Hárúnà. Ẹ̀yin náà mọ bí ìdáhùn ìbéèrè yẹn ṣe gùn tó. Àwọn tó jókòó síta dúró pẹ́ lọ́jọ́ náà.

Kí n tó jókòó, ọ̀rọ̀ àwọn àwo 78 kù, àwọn àwo dúdú wúwo tó ń fọ́ bí àwo tánganran. Mo mọ̀ pé àwọn ìdílé kan níbí ní lára wọn, ti Decca láti ilé, tàbí ti Melodisc tí Ambrose Campbell àti West African Rhythm Brothers ṣe ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí lẹ́yìn ogun Hitler. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọrin wa sórí àwo níbí. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ orin ìyìn wọn ní èdè Yorùbá sórí àwo Zonophone ní àwọn ọdún 1920. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ LP gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀. Ilà ara wọn fẹ̀ ju ti LP lọ fíìfíì, abẹ́rẹ́ tó nípọn ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ ṣénjà tuntun ni kò tilẹ̀ ní 78 lára. Ti eré wọn ẹ̀wẹ̀, kíkà nìkan kò tó, nítorí pé láyé ìgbà náà kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń lo 78 géérégé. Àwọn kan wà lókè rẹ̀, àwọn kan wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà tó gbọ́ olórin náà sójú nílé, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó yí bọ́tìnnì. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe òun, ẹ gbà wọ́n gbọ́, kí ẹ tún un wò.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, Bàbá àti èmi yóò wà nínú gbọ̀ngàn yìí láti agogo méjì ọ̀sán. Ẹni tó bá ní ṣénjà tó ń fà, kó gbé e wá. Ẹ di apá abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọ bọ́ọ̀sì, ẹ yọ pẹpẹ rẹ̀ kúrò, kí ẹ gbé e lọ́tọ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ kọ iye rẹ̀ sí bébà, kí ẹ mú bébà náà dání. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun bí Bàbá bá ṣe ń wo ẹ̀rọ, mo máa mú ẹ̀rọ ìwọ̀n mi wá.